Àmì Wíwọ́ Lẹ́yìn Àgùntàn

Bí oṣù kẹfà bá ti ń parí lọ, tí oòrùn bá ti gbẹ ìrì lórí koríko òkè, àwọn ará àfonífojì kan nílẹ̀ àwọn Welsh kì í dúró de ìpè. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ó bá ti di ọjọ́ ìrẹ́run àgùntàn ilé kan, gbogbo ilé yòókù á yọ síbẹ̀ tajátajá, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìrẹ́run wọn. Kò sí ẹni tí yóò ránṣẹ́ pè wọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àáró ni. Ohun tí o bá ṣe lóko mi ni n ó ṣe lóko rẹ. Ọkùnrin tí a kò bá rí níbi ìrẹ́run, ó ti kú ni, tàbí ó ti kó lọ sí ìlú, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí ohun tí ó yàtọ̀ sí ikú.

Meurig Pugh, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Meurig Hafod nítorí pé Hafod ni orúkọ oko rẹ̀, kò pa ọjọ́ ìrẹ́run kan jẹ rí láti ìgbà tí ó ti tó ọmọ àgùntàn gbé. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, bí ó bá há àgùntàn mọ́ orúnkún, irun náà á ṣí kúrò lára rẹ̀ lódindi bí ẹni bọ́ agbádá. Ẹranko náà á dìde ní funfun báláú, á máa wo ara rẹ̀ bí ẹni pé òun kọ́ ni. Àwọn ọmọdé á dúró wòran. Àwọn àgbàlagbà náà á dúró, ṣùgbọ́n wọn á ṣe bí ẹni tí ń mu tíì.

Lẹ́yìn náà ni alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ó fi ń gun òkè dojú dé mọ́ ọn lórí níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣẹ́ jiná. Dókítà fi fọ́tò rẹ̀ hàn án, ó ní kí ó wò ó, ó ti so pọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìrora kò bá egungun lọ. Ó jókòó sí ìdí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tí ó ra ilẹ̀ tí ó sì gba ìwé rẹ̀, ó na ara sí itan òsì, ó ń dáná sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Oògùn lè mú kí ó tòògbé, kò lè lé e jáde. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó máa ń fún Meurig láàyè títí di ọ̀sán. Ọjọ́ mìíràn, kí ó tó la ojú, ìrora ti jí ṣáájú rẹ̀, ó ti ń dúró dè é. Ohun tí ó ya Meurig fúnra rẹ̀ lẹ́nu jù ni bí ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè máa gbé inú ènìyàn kí àmì kankan má sì hàn níta. Òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ìkùukùu a máa bò ó mọ́lẹ̀ odindi ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò sí òkè níbẹ̀. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí ó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àwọn àgbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò dé àfonífojì yìí. Níbí, ohun tí ó ń dun ọkùnrin ni ohun tí kì í sọ. Bí o bá bi í pé ṣé ara le, á gbójú wo ọ̀run, á ní ó dà bí ẹni pé òjò ń bọ̀.

Nítorí náà, kò ṣíwọ́ lílọ sí ibi ìrẹ́run. Nígbà tí kò lè di àgùntàn mú mọ́, ó ń ṣa irun jọ. Nígbà tí kò lè tẹ̀ba mọ́, onílé kan gbé ike ọ̀dà àti irin àmì lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó bá òun sàmì sí agbo òun. Ó ya Meurig lẹ́nu. Ní àfonífojì náà, onílé ni í fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àmì ilé rẹ̀, tí ó dúró fún orúkọ rẹ̀, mọ́ àgùntàn lẹ́yìn ìrẹ́run. Ènìyàn kì í gbé àmì agbo rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí kì í ti í yá ẹlòmíràn lórúkọ. Ṣùgbọ́n ilé tí ó tẹ̀ lé e ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ lé ìyẹn náà ṣe bẹ́ẹ̀, Meurig sì gbà pé ọlá àgbà ni wọ́n ń bù fún òun. Wọ́n á gbé àga fún un sẹ́nu ọ̀nà ọgbà, àgùntàn á máa gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, Meurig á máa tẹ àmì mọ́ wọn lẹ́yìn. Kódà Ithel Rowlands gbé irin àmì tirẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Meurig àti Ithel kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ithel ni aládùúgbò rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n jọ lọ ilé-ìwé ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta pápá etí odò ní gbàǹjo, Ithel ṣèlérí pé òun kò ní bá Meurig du ú. Ọjọ́ gbàǹjo pé, Ithel gbé ọwọ́ sókè, ó sì gba pápá náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí Meurig bá ní ohun tí yóò sọ fún un, ajá ni ó ń sọ ọ́ fún. Á wo ajá lójú, á ní, "Bá mi sọ fún ọkùnrin yẹn pé géètì rẹ̀ ṣí sílẹ̀." Ithel náà á ní kí ajá bá òun dúpẹ́. Ìkùnsínú tí ó bá ní ìdí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ nù bí omi ìfọwọ́. Ṣùgbọ́n ìjà kì í wọ ibi ìrẹ́run. Bí ọjọ́ Ithel bá pé, Meurig á lọ. Bí ọjọ́ Meurig bá pé, Ithel ni í kọ́kọ́ dé.

Nesta, ìyàwó Meurig, ni kò gbà kí nǹkan máa rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú Nesta ti ń ṣú, wọ́n sì ti gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì Meurig kò ṣeé fi wa ọkọ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì kì í gun òkè wọn. Bí ìjọba bá gbà pé àìlera ti dè é mọ́lẹ̀ ní tòótọ́, owó ìrànwọ́ tí wọn yóò máa fún un á tó fi gba irú ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ nìkan wà, òun àti Nesta á sì lè dúró ní Hafod. Bí wọn kò bá gbà, ọmọbìnrin wọn ti rí yàrá méjì kan ní ìlú, kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, wọn á ti kó lọ. Ní Hafod ni wọ́n bí baba baba Meurig. Kò tíì sí baálé ibẹ̀ kan tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde níbẹ̀ láìpadà.

Wọ́n kọ̀wé béèrè. Ọ́fíìsì tí ó ń rí sí i rán nọ́ọ̀sì kan wá láti yẹ Meurig wò nílé.

Àlejò sì ni àlejò. Meurig fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ìró ọkọ̀ nísàlẹ̀, ó rìn lọ sí ẹnu géètì láti lọ ṣí i, nítorí pé ní àfonífojì náà, ìwà ọ̀lẹ ni kí onílé jẹ́ kí àlejò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí géètì. Ó mú un wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó da tíì, ó sì gé búrẹ́dì eléso tí Nesta ṣe. Nesta dúró nídìí ààrò, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ènìyàn tí ń sọ iná sí òrùlé ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ oko. Meurig ní òun wà níbi ìrẹ́run gbogbo ilé ní ọdún náà. Òótọ́ ni. Nọ́ọ̀sì béèrè bí ìrora náà ti rí. Ó ní òun mọ àwọn tí tiwọn burú ju ti òun lọ. Ìyẹn náà, òótọ́ ni. Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí ó rí ni ó kọ sílẹ̀, ó dúpẹ́ fún búrẹ́dì, ó sì lọ.

Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó yí kọ́nà, Meurig ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, nítorí pé kò lè dé orí ibùsùn. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Nesta fi ìrọ̀rí tì í lórí níbẹ̀, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdáhùn dé. Ọkùnrin tí ó ń rìn dé géètì, tí ó ń da tíì fún àlejò, tí ó sì ń kópa nínú ìrẹ́run, kò yẹ fún owó ìrànwọ́. Wọ́n kọ̀wé pé kí ọ́fíìsì náà tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ọ́fíìsì yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún ní rárá. Ó ku ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìkan.

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ," Nesta ní. "Ta ló ní kí o lọ pàdé rẹ̀ ní géètì? Ṣé ọbabìnrin ni?"

"Àlejò ni."

"Àlejò tí wọ́n rán pé kó wá wò ó bóyá o lè rìn."

"Mo sì rìn. Ṣé kí n purọ́ ni?"

"Irọ́ lo pa, Meurig. Ẹsẹ̀ lo fi pa á."

Ó ṣàlàyé fún un pé ìgbìmọ̀ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà máa nílò ẹnì kan yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀, ẹni tí yóò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Meurig kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí ó mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó ní bí ẹnì kan lórí òkè yìí bá gbọ́ ọ lẹ́nu Nesta, òun á kó lọ sí ìlú lọ́jọ́ náà gan-an. Nesta dákẹ́. Bí Nesta bá dákẹ́, ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra, ṣùgbọ́n Meurig rò pé òun ti borí.

Ìlú kan létí òkun ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Takisí ni ó gbé wọn lọ, Meurig sì di ìlẹ̀kùn mú ní gbogbo ibi tí títì ti já. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń dúró, wọ́n bá Ithel Rowlands tí ó jókòó níbẹ̀ nínú kóòtù dúdú tí ó fi ń lọ síbi òkú.

"Kí ni ọkùnrin yẹn ń wá níbí?" Meurig bi Nesta. Kò sí ajá nítòsí.

"Èmi ni mo pè é."

"Kó lè wá wo bí mo ṣe ń ṣagbe?"

Ithel ń wo ògiri. "Nesta, bá mi sọ fún un pé mo ní koríko gbígé tó yẹ kí n kó wọlé nílé, oòrùn sì wà lóde."

Nesta ní òun kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jókòó sẹ́yìn tábìlì: adájọ́ kan tí ó jẹ́ obìnrin tí orí rẹ̀ ti hewú, dókítà kan tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àti ọkùnrin kan nínú àga onítáyà, tí wọ́n yàn síbẹ̀ nítorí pé òun náà mọ irú ayé bẹ́ẹ̀. Èdè Welsh, èdè ilé Meurig gan-an, ni adájọ́ fi kí i. Ìyẹn dà á láàmú díẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ de àjèjì.

Wọ́n bi í ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, ó sì dá wọn lóhùn bí ó ti máa ń dáhùn. Ó ń sùn díẹ̀. Ó ń rìn díẹ̀. Kò burú jù. Ọwọ́ Nesta tí ó wà lórí itan rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, dókítà tẹ̀ síwájú.

"Ọ̀gbẹ́ni Pugh, ẹ sọ pé ẹ wà níbi ìrẹ́run. Kí ni ọwọ́ yín ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń sàmì."

"Sí agbo ta ni?"

"Gbogbo agbo," Meurig ní, ó sì nàró bí ó ti ń sọ ọ́. "Gbogbo ilé."

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Nesta di ojú. Meurig rí i kedere pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara òun ta Hafod, ó wá ẹnu mìíràn tí òun lè fi gbà á padà, kò rí i.

Ithel gbé ọwọ́ sókè. Meurig mọ ọwọ́ náà dáadáa.

"Iṣẹ́ tó ń sọ yẹn," Ithel ní, "kò sí i tẹ́lẹ̀. Àwa la dá a sílẹ̀."

Adájọ́ ní kí ó máa wí. Ithel sọ fún wọn pé lórí òkè àwọn, kálukú ni í sàmì sí agbo rẹ̀, láti ayé baba ńlá àwọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, wọ́n rí bí ojú Meurig ti yí padà nígbà tí ó tẹ̀ba láti ṣa irun nílẹ̀. Wọ́n pàdé nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, wọ́n wádìí iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi ìjókòó ṣe, wọ́n sì rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Wọ́n fi ẹnu kò pé kálukú yóò gbé àmì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Wọ́n fi ẹnu kò pé kò gbọdọ̀ mọ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ọgbà ìrẹ́run Ithel wà ní pápá òkè láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé rẹ̀. Ó ti tú u palẹ̀, ó ti tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí Meurig má baà gun òkè, nítorí náà gbogbo agbo ni wọ́n ń dà wálẹ̀, tí wọ́n sì tún ń dà padà. Ní ilé kan lókè odò, ìyá àgbà ibẹ̀ ti fa àkókò oúnjẹ ọ̀sán gùn. Bí àwọn ọkùnrin bá jẹun tán, ìyá náà á ní kí Meurig bá òun wo aago tí ó wà ní pálọ̀ bóyá ó péye, nítorí pé àga gígùn kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè nà lé, á sì pa ìlẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀. Meurig rántí aago náà. Ó péye nígbà gbogbo. Ó ti ń rò ó pé ìyá náà ti ń ṣarán.

"Bó bá ti di ọwọ́ ọ̀sán," Ithel ní, "a máa ń sọ pé ó ti rẹ àwọn ajá, pé ká sinmi. Kì í rẹ ajá wa."

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó gbé e síwájú wọn lórí tábìlì. Fọ́tò àgùntàn ni ó kún inú rẹ̀.

"Agbo tèmi nìyí. Àwọn tó kọ́kọ́ kọjá láàárọ̀, ẹ wò ó, àmì wọn gún. Ẹ wo èyí. Ibi tó ti wọ́ lọ sísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni ìrora ti mú un. Èyí tí ò ní àmì kankan, ibẹ̀ ló ti fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú, tí gbogbo wa ń wo ojú ọ̀run. Bó ṣe rí ní gbogbo ilé nìyẹn. Ẹ lè lọ wò ó."

Ọkùnrin inú àga onítáyà ni ó gba fóònù náà. Ó pẹ́ tí ó ti ń wò ó. "Kí ló dé tí ẹ ò tún àwọn àmì náà ṣe?"

"Ó máa rí i," Ithel ní.

Meurig jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó mọ òkè náà, kò sí kòtò kan níbẹ̀ tí kò mọ̀. Ó ń rí i báyìí níwájú rẹ̀, láti orí ògiri òkúta ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí koríko ti tán tí àpáta bẹ̀rẹ̀, agbo lẹ́yìn agbo, ilé lẹ́yìn ilé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgùntàn. Ìrora tí fọ́tò dókítà kò rí, tí nọ́ọ̀sì kò rí, tí òun sì ti ń fi ara bò mọ́lẹ̀ bí olè tí ó gbé ẹrù, ó wà lára ẹ̀yìn gbogbo àgùntàn wọ̀nyí ní pupa àti ní búlúù, ó ń jẹko kiri lójú òjò àti lójú oòrùn. Àwọn ènìyàn ń jí ní òwúrọ̀, wọ́n ń ṣí fèrèsé, wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń lọ da omi tíì kaná. Kálukú wọn ti jẹ́ kí orúkọ ilé rẹ̀ wọ́ nítorí òun, wọn kò sì fọhùn. Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù ohun búburú. Irú èyí tí ó máa ń mú ènìyàn ni, bí ó bá gbójú sókè lójijì tí ó rí bí òkè ti ga tó lórí ilé tí ó ti ń gbé láti kékeré. Ó retí kí ojú ti òun. Ó dúró de ìtìjú náà, kò wá.

"Nesta ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi," Meurig ní.

Adájọ́ gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ nípa ìbọ̀sẹ̀, ó sọ nípa ìwẹ̀, ó sọ nípa àtẹ̀gùn ilé tí ó ń fi ìjókòó gùn. Ó sọ ohun tí rírìn dé géètì ná an lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì wá, àti bí ó ti sùn sí ilé ìdáná. Ó sọ pé àwọn ọjọ́ kan wà tí òun ń gbọ́ ohùn ajá tí wọ́n ń kó agbo lórí òkè, tí òun á fi ìrọ̀rí di etí kí òun má baà gbọ́. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka orúkọ àwọn pápá rẹ̀ fún ẹni tí yóò jogún wọn, kò fo ọ̀kankan. Nesta ń gbọ́ àwọn mìíràn nínú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìgbìmọ̀ ní kí Meurig àti àwọn tirẹ̀ jáde díẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn mẹ́ta jókòó sórí àga ní ìlà kan, Nesta láàárín. Lẹ́yìn náà, Meurig yọ orí kọjá níwájú ìyàwó rẹ̀, ó sì wo Ithel lójú.

"O purọ́ fún mi lórí pápá etí odò."

"Mo purọ́."

"Mi ò tíì dárí jì ọ́."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Nesta kọjú sí fèrèsé, ó ń wo òkun tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́, ẹ̀rín sì ń mi èjìká rẹ̀.

Wọ́n pè wọ́n padà wọlé. Adájọ́ kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní ohun tí nọ́ọ̀sì kọ, ohun tí ó rí ni, ṣùgbọ́n ohun tí ara lè fi agídí ṣe lẹ́ẹ̀kan níwájú àlejò kì í ṣe ohun tí ó lè ṣe lójoojúmọ́, ohun tí ó lè ṣe lójoojúmọ́ sì ni òfin béèrè. Ó ní ìgbìmọ̀ gba ẹjọ́ Meurig wọlé. Wọn yóò fún un ní owó ìrànwọ́ náà, títí kan ti ìrìn, èyí tí yóò fi gba ọkọ̀. Ó wo Meurig lójú, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, Meurig Hafod." Kò sí ẹni tí ó sọ orúkọ oko náà fún un bí kò ṣe pé ó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí ó ti pè é, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ó ti gba ẹnu géètì ibẹ̀ kọjá rí.

Ó ti mọ́ Meurig lára pé bí ó bá fẹ́ dìde lójú ènìyàn, á di eyín, á fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Lọ́jọ́ náà, ó jókòó títí ara rẹ̀ fi ṣe tán. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì. Ó sinmi. Ó dìde. Àwọn mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn tábìlì kò tẹ orí wọn sínú ìwé, wọn kò sì kánjú. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn náà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè gbà á, ọwọ́ kan lára ògiri, ọwọ́ kejì lára Nesta. Ibi tí ìrora bá ti ní kí ó dúró, ó ń dúró. Àwọn tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ń dúró pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó yà á sílẹ̀ kọjá.

Afẹ́fẹ́ òkun pàdé wọn níta. Ithel ti wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò, ó ń wo iwájú. Kò wo ẹsẹ̀ Meurig lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, bí Meurig bá gbé ẹsẹ̀, òun náà á gbé e, bí ó bá dúró, òun náà ti dúró, bí ẹni tí ó ti kọ́ ìrìn náà sórí láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́.